Àgbádárìgì: Ilẹ̀, Ènìyàn àti Ọrọ̀ Ajé Etí Ọ̀sà

Ìfáárà

Ẹkùn márùn-ún ni wọ́n fi ń ka Ìpínlẹ̀ Èkó: Ìkẹjà, Àgbádárìgì, Ìkòròdú, Èkó àti Ẹ̀pẹ́. Àgbádárìgì ló jìnnà jù sí ìwọ̀-oòrùn, òun ló sì bá Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ pààlà ní Sẹ̀mẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ yìí ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka 241,093 ènìyàn síbẹ̀. Èrò wa ni pé omi ló pinnu ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí, ẹni tí wọ́n bá tan àti ohun tí wọ́n ń tà. Ààlà tí òyìnbó fà kò tíì yí ìyẹn padà.

Ilẹ̀ àti omi

Ọ̀nà mẹ́ta ni ilẹ̀ náà pín sí. Ilẹ̀ oko wà ní àríwá, níbi tí ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ọ̀pẹ ti ń ṣe dáadáa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀sà tó nà gbọọrọ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Odò Yewa ń ṣàn wọ inú rẹ̀, ẹni tó bá sì tọ omi náà lọ sí ìwọ̀-oòrùn yóò gúnlẹ̀ sí Àjàṣẹ́, tí àwọn Potogí sọ ní Porto-Novo. Bí a bá sọdá ọ̀sà, a ó kan ilẹ̀ iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ tí Gbẹ̀rẹ̀fù wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, òkun ló kù. Iyanrìn yìí kò gba iṣu, àgbọn ló gbà.

Àwọn ènìyàn

Àwọn Ògù, tí Yorùbá ń pè ní Ègùn, ló pọ̀ jù. Àwórì ni aládùúgbò wọn. Ìtàn ẹnu sọ pé àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Agbethe ló loko níbẹ̀, inú orúkọ oko rẹ̀ sì ni Àgbádárìgì ti jáde. Àdúgbò mẹ́jọ ló wà nínú ìlú, Akran sì ni ọba. Zangbeto ló ń ṣọ́de: "zan" ni òru ní èdè wọn.

Òwò ẹrú ló sọ ìlú náà di mímọ̀ fún àwọn òyìnbó. Ní 1842, Thomas Birch Freeman mú ìwàásù Mẹ́tọ́díìsì débẹ̀. Ilé alájà kan tí wọ́n parí ní 1845 ṣì wà ní Marínà. Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà ní 1863, nígbà tó sì di 1889, òun àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lórí ààlà. Bí ọmọ ìyá kan ṣe di ti Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, tí èkejì di ti Faransé.

Ọrọ̀ ajé

Ọkùnrin ló ń pa ẹja, obìnrin ló ń yan án. Yàtọ̀ sí àwọ̀n àti ìgèrè, àwọn apẹja a máa ri ẹ̀ka igi mọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀sà títí yóò fi dà bí igbó kékeré. Ẹja á sá síbẹ̀, á máa jẹ ohun tó hù lára igi. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á fa ẹ̀ka náà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì kó ẹja.

Ní ti àgbọn, àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá oko ńlá sílẹ̀ ní Tópò ní 1876. Lónìí, àdín rẹ̀ ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ obìnrin. Wọ́n á rin àgbọn, wọ́n á fi omi fún un, wọ́n á gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èyí tó bá lé téńté sójú omi ni wọ́n ń kó sórí iná títí àdín yóò fi jáde.

Òwò Sẹ̀mẹ̀ ni ẹ̀kẹta. Nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè láti oṣù kẹjọ 2019 di oṣù kejìlá 2020, ẹni tó ń fi náírà ra ọjà níhìn-ín, tó ń fi sẹ́fà tà á lọ́hùn-ún, kò rí ọ̀nà gbà mọ́, àfi ẹni tó bá fàyàwọ́.

Ìkádìí

Ẹni tó bá gba títì láti Èkó yóò rò pé òpin Nàìjíríà ni Àgbádárìgì. Ẹni tó bá gba ọ̀sà yóò rí i pé agbede méjì Èkó sí Àjàṣẹ́ ló wà. Nítorí náà, ìwádìí tó bá dúró sí Sẹ̀mẹ̀ kò tíì parí. Kí àwọn olùwádìí wa kọ́ èdè Ògù, kí wọ́n sì sọdá.