Láti Ilé Aṣọ Dé Ilé Géèmù: Ìtàn Iṣẹ́ Kan àti Ọ̀nà Tí Ó Là fún Ọmọ Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Iṣẹ́ tí ó bá ní láárí, ọwọ́ púpọ̀ ni í ṣe é. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iṣẹ́ géèmù ṣíṣe rí. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, bí ọmọ bá sọ pé iṣẹ́ géèmù ni òun fẹ́ kọ́, ohun tí òbí ń gbọ́ ni pé ọmọ náà kò fẹ́ ṣe ju eré lọ. Àṣìgbọ́ ni. Ẹni tí ń ta ayò àti ẹni tí ó gbẹ́ ọpọ́n ayò kì í ṣe ẹnì kan náà. Ọ̀kan ń ṣeré. Èkejì, oníṣẹ́ ọnà ni.

Ìsọlọ̀ fúnra rẹ̀ ti mọ irú iṣẹ́ ọlọ́wọ́ púpọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ná ọjà Aswani mọ̀ pé orúkọ ilé iṣẹ́ aṣọ ni ọjà náà ń jẹ́. Ní irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí aṣọ ańkárá kan tó dé ọwọ́ oníbàárà, ayàwòrán ti ya bátànì rẹ̀, ẹlòmíràn ti pín àwọ̀ rẹ̀, aláró ti po aró, ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ ti tẹ̀ ẹ́, olùyẹ̀wò sì ti yọ èyí tí kò dára kúrò. Nígbà tí àìsí iná mànàmáná tí ó ṣe é gbára lé àti aṣọ tí ń wọlé láti òkèèrè pa ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ aṣọ ní Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ ni ó ti ìlẹ̀kùn. Ẹni tí ó mọ àwòrán yà kò gbàgbé bí a ti ń yà á. Ọ̀rọ̀ yìí ni kí akẹ́kọ̀ọ́ di mú bí ó ti ń ka ìtàn géèmù, nítorí pé ohun kan náà ni yóò tún rí níbẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, inú ẹ̀rọ gan-an ni wọ́n ń kan géèmù mọ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Atari ní Amẹ́ríkà gbé Pong jáde ní 1972, ẹ̀rọ náà àti eré inú rẹ̀ kò ṣe é yà sọ́tọ̀. Jerry Lawson, onímọ̀ ẹ̀rọ aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ó yí èyí padà. Òun ni ó ṣáájú àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ Fairchild Channel F, tí ó jáde ní 1976, tí ènìyàn lè yọ káàtírììjì géèmù kan kúrò nínú rẹ̀ kí ó sì ki òmíràn bọ̀ ọ́. Láti ìgbà náà, ẹni tí kò kan ẹ̀rọ rí lè fi géèmù ṣíṣe nìkan ṣe iṣẹ́ jẹun. Ní 1979, àwọn òṣìṣẹ́ kan tí ó kúrò ní Atari wà lára àwọn tí ó dá Activision sílẹ̀ láti máa ṣe géèmù fún ẹ̀rọ tí kì í ṣe tiwọn. Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe dá dúró lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀.

Ó pẹ́ kí ó tó dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n fóònù alágbèéká ni ó gbé e dé. Ní 2009, Eyram Tawia ará Gánà àti Wesley Kirinya ará Kẹ́ńyà dá Leti Arts sílẹ̀. Ní Èkó, Bayo Puddicombe àti Zubair Abubakar, tí wọ́n ni ilé iṣẹ́ Pledge 51, ṣe géèmù kan tí wọ́n pè ní Danfo, tí ẹni tí ń ta á ń wa ọkọ̀ aláwọ̀ òféèfèé tí gbogbo ará Òṣòdì mọ̀. Nígbà tí ó di 2012, ilé iṣẹ́ mẹ́ta jáde lọ́dún kan ṣoṣo: Maliyo, tí Hugo Obi ṣáájú rẹ̀, Kuluya, ti Kunle Ogungbamila, àti Gamsole, tí Abiola Olaniran, akẹ́kọ̀ọ́jáde Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, dá sílẹ̀. Ohun tí ojú ń rí ládùúgbò ni wọ́n fi ṣe eré. Maliyo ṣe eré ọ̀kadà, ó sì ṣe ti ẹ̀fọn pípa. Gamsole ṣe Gidi Run.

Orí fóònù Windows Phone ni Gamsole ti kọ́kọ́ rí ọjà, wọ́n sì gba àwọn géèmù rẹ̀ sórí fóònù ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìgbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó gbé e ga kò pẹ́ láyé. Ní 2017 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows Phone 8.1 dúró. Flash, tí ọ̀pọ̀ géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì gbára lé láyé ìgbà náà, Adobe sin ín ní ìparí 2020. Ọ̀rọ̀ Aswani ni ó tún padà wáyé yìí. Ẹni tí ó kọ́ kìkì bí a ti ń tẹ bọ́tìnnì lórí ohun èlò kan, ohun èlò náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tí ó kọ́ bí a ti ń ronú òfin eré, bí a ti ń yàwòrán, àti bí a ti ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, ó kó ẹrù rẹ̀, ó sì ré kọjá sórí Android.

Maliyo jẹ́ àpẹẹrẹ irú ìrékọjá bẹ́ẹ̀. Ní 2024, nígbà tí Disney gbé eré àwòrán Iwájú jáde, èyí tí ó ṣe pẹ̀lú Kugali, tí ó sì fi Èkó ọjọ́ iwájú ṣe ibùdó ìtàn, Maliyo ni ó ṣe géèmù tí ó bá a rìn, ìyẹn Disney Iwájú: Rising Chef. Oúnjẹ sísè ni eré náà dá lé. Ọdún méjìlá ló wà láàárín eré ọ̀kadà àti iṣẹ́ yìí. Kò sí ẹni tí ó sùn jí tí ó bá a lẹ́nu ọ̀nà.

Kí wá ni àwọn iṣẹ́ inú rẹ̀? Olùpète ni ó ń fi òfin eré lélẹ̀: ohun tí òṣèré yóò ṣe, ohun tí yóò jèrè, ibi tí yóò ti pàdánù. Ẹni tí ń kọ ètò ni ó ń sọ òfin náà di èdè tí kọ̀ǹpútà gbọ́, bíi C# àti C++. Bí bọ́ọ̀lù bá fò sókè nínú géèmù tí ó sì já bọ́, físíìsì àti ìṣirò tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì SS2 ni ó mú un fò. Ayàwòrán ni ó ń ya ènìyàn, ilé àti ojú ọ̀nà. Ẹlòmíràn ni ó ń mú àwòrán náà rìn. Olórin ni ó ń wá ìró ìlù àti ariwo ọjà. Òǹkọ̀wé ni ó ń fi ọ̀rọ̀ sí àwọn ẹ̀dá inú eré lẹ́nu, ibẹ̀ sì ni ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yékéyéké ti wúlò. Olùdánwò kì í ṣeré: ibì kan náà ni yóò gbà kọjá ní ìgbà àádọ́ta, tí yóò sì kọ àṣìṣe tí ó rí sílẹ̀ lọ́nà tí ẹlòmíràn fi lè rí i. Alábòójútó ni ó ń mójú tó owó àti ọjọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ parí.

Ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbà wọlé kò ju agbára lọ, ṣùgbọ́n kò rọrùn. Blender, tí wọ́n fi ń ya àwòrán, àti Godot, tí wọ́n fi ń to géèmù pọ̀, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Dọ́là 25 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni Google ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ kó géèmù rẹ̀ sí ọjà Android. Ohun tí kì í ṣe ọ̀fẹ́ ni kọ̀ǹpútà, iná àti dátà. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin pawọ́ pọ̀, kí ọ̀kan yàwòrán sórí ìwé, kí èkejì kọ òfin eré, kí ẹni tí ó rí kọ̀ǹpútà lò kọ ètò rẹ̀. Géèmù kékeré kan tí ó parí sàn ju ńlá mẹ́wàá tí ó dúró sí agbede méjì lọ, nítorí pé iṣẹ́ tí ó parí ni agbanisíṣẹ́ ń béèrè pé kí òun rí.

Òtítọ́ kò gbọdọ̀ ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni: ilé iṣẹ́ géèmù kò pọ̀ ní Èkó, gbogbo ẹni tí ó bá kọ́ ọ kọ́ ni yóò rí àyè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ayàwòrán géèmù lè ṣiṣẹ́ ní ilé ìpolówó ọjà tàbí ilé fíìmù. Ẹni tí ó ń kọ ètò géèmù lè kọ ètò fún báńkì. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí òbí bẹ̀rù, tí kò sì yẹ kí ọmọ fi ìwé sílẹ̀ torí géèmù. Ìwé náà gan-an ni iṣẹ́ náà ń jẹ.

Ọmọ tí ó ń gba abẹ́ afárá Òṣòdì kọjá lójoojúmọ́ ti rí eré tó pọ̀: kọ̀ndọ́kítọ̀ tí ń ké sí èrò, ọkọ̀ tí ń já ara wọn gbà, ìyá ọlọ́jà tí ń ṣírò owó láìlo bírò. Olùkọ́ tí ó bá ní kí ó kọ òfin ohun tí ó rí sílẹ̀, kí ó ya á, kí ó sì ṣe ìṣirò rẹ̀, ti fi í lé ojú ọ̀nà. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti mọ ohun tí ọwọ́ tirẹ̀ lè ṣe, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.