Lamentable: Ọ̀rọ̀ Sípáníìṣì Tí Wọ́n Fi Ń Kẹ́dùn, Tí Wọ́n Tún Fi Ń Báni Wí

Ẹni tó bá ń kọ́ èdè Sípáníìṣì, ìbáà jẹ́ nítorí òwò ní Equatorial Guinea tó wà nítòsí wa níbí, ìbáà jẹ́ nítorí ìrìn àjò sí Sípéènì, kò ní í pẹ́ kó tó pàdé ọ̀rọ̀ àpèjúwe náà, lamentable. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́, inú èdè Látìn ni àwọn méjèèjì sì ti rí i. Pípè rẹ̀ ló yàtọ̀: la-men-ta-ble, orí ta ni ohùn ti ń rinlẹ̀, e ìparí kì í sì í pa mọ́. Akọ àti abo kò yí i padà. Bí nǹkan bá pọ̀, lamentables ni.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Àwa Yorùbá a máa sọ pé “ó ṣeni láàánú” bí a bá ń kẹ́dùn, a ó sì sọ pé “kò bójú mu” bí a bá ń báni wí. Lamentable ru ẹrù méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká fi ohun tí ojú rí ní Oṣòdì-Ìsọlọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ Àìkú, 27 oṣù Kìn-ín-ní, 2002, ilé ìkóhun-ìjà tó wà ní bárékè ológun Ìkẹjà gbiná, bọ́ǹbù sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bí àwọn èèyàn ṣe ń sá kiri nínú òkùnkùn, ọ̀pọ̀ wọn, tọmọdé tọmọdé, kó sínú kánàálì Òkè-Àfá ní Ìsọlọ̀, nítorí ewéko ti bo ojú omi náà. Àwọn tó kú lápapọ̀ lé ní 1,000.

Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ wọn yóò sọ pé: Es lamentable que muriera tanta gente, ó ṣeni láàánú pé èèyàn tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ kú. (Ẹ kíyè sí i pé muriera ni, kì í ṣe murió, es lamentable que tó ṣáájú ló fà á.) Ẹni tó ń bínú sí àwọn tó yẹ kó bójú tó ilé ìkóhun-ìjà náà yóò sọ pé: Fue un descuido lamentable, ìwà àìbìkítà tí kò bójú mu rárá ni.

Ohun tó tẹ̀ lé e tàbí tó ṣáájú rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Bó bá jẹ́ muerte, ikú, tàbí pérdida, àdánù, ẹ̀dùn ni. Bó bá jẹ́ descuido tàbí error, àṣìṣe, ìbáwí ni. Bí ẹni tó wà nípò bá sì kàn sọ pé es lamentable, tó dákẹ́ síbẹ̀, ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ kẹ́dùn láìgba ẹ̀bi ni. Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí wa.

Wọ́n tún ń lò ó fún ohun tó ti bàjẹ́: una carretera en estado lamentable ni títì tó kún fún kòtò.

Ẹ má ṣe sọ pé soy lamentable bí ẹ bá fẹ́ tọrọ àforíjì, nítorí “èèyàn yẹpẹrẹ ni mí” ni wọn yóò gbọ́. Lo siento ni kí ẹ sọ. Fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, lo lamento mucho.