Ìyàtọ̀ Láàárín Ẹ̀rọ Àwo Orin Oníró-Pípé àti Ẹ̀rọ DVD Lásán, 1996 sí 2007

Àpilẹ̀kọ yìí dá lé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀rọ DVD tí a fi ń wo sínimá àti ẹ̀rọ tí a ṣe fún àwọn àwo orin oníró-pípé, èyíinì ni SACD àti DVD-Audio. Lójú lásán, àwọn àwo wọ̀nyí kò yàtọ̀: bákan náà ni wọ́n tóbi, iná lésà pupa ni a sì fi ń kà wọ́n. Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni ọ̀nà tí a gbà kọ ìró sórí àwo, àti ìdènà àdàkọ tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi dè é.

Ní 1982 ni Sony àti Philips gbé CD jáde. Ó ń wọn ìró nígbà 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bíìtì 16 sì ni ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí DVD jáde ní Japan ní 1996, àwòrán ló gba ọ̀pọ̀ àyè lórí rẹ̀. Nítorí náà, a sábà máa ń fi Dolby Digital fún ìró pọ̀, tí apá kan rẹ̀ yóò sì sọnù. DVD-Audio, tó dé ọjà Amẹ́ríkà ní 2000, kì í sọ ìró nù. Ó lè wọn ìró nígbà 192,000 fún sípíkà méjì, tàbí 96,000 fún mẹ́fà, pẹ̀lú bíìtì 24. Ọ̀nà mìíràn ni SACD gbà ní 1999: bíìtì 1 péré, ṣùgbọ́n nígbà 2,822,400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ DVD lásán kò fi lè ka SACD, àfi bí àwo náà bá ní ìpele CD lára. Bí a bá fi DVD-Audio sínú rẹ̀, apá fídíò nìkan ni yóò wá lọ, bí ó bá wà níbẹ̀.

Ní 1999 ni àṣírí ìdènà orí DVD tú. Ẹ̀rù ba àwọn ilé-iṣẹ́ orin, wọ́n sì wá ìdènà mìíràn fún DVD-Audio. Àwọn ẹ̀rọ oníró-pípé àkọ́kọ́ kò jẹ́ kí ìró náà jáde ní kíkún bí nọ́ńbà. Okùn mẹ́fà ni olùrajà ní láti so mọ́ ẹ̀rọ amóhùndún rẹ̀. Lẹ́yìn wàhálà yìí, ó tún ní láti yan ọ̀kan nínú irú àwo méjì tó ń bá ara wọn jìjàdù.

Ní 2007, Meyer àti Moran tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n gba ìró àwo oníró-pípé kọjá nínú ìwọ̀n CD. Àwọn olùgbọ́ tí a kò sọ èwo ni èwo fún kò lè fi ìyàtọ̀ hàn ju ti ẹni tó ń méfò lọ. Àríyànjiyàn kò tán síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti sọ pé etí nìkan ló dá ọjà náà sílẹ̀.

Ọ̀ràn ìpamọ́ ló kù. Ẹ̀rọ DVD inú kọ̀ǹpútà kò lè ka ìpele SACD. PlayStation 3 àkọ́kọ́, ti 2006, lè kà á. Àwọn tó jáde lẹ́yìn náà kò lè kà á mọ́. Orin tí a fi ìdènà pamọ́ báyìí yóò wà láàyè níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ tó lè kà á bá ṣì ń ṣiṣẹ́.