ÀWỌN ONÍKỌ́ LỌ́ŃDỌ̀NÙ, ÀTI OHUN TÍ Ó KÙ LẸ́YÌN ÀRÙN

Nígbà tí ìtàn àjàkálẹ̀-àrùn bá kan, iye òkú ni a kọ́kọ́ ń béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ìnfúlúẹ́ńsà tí ọkọ̀ òkun gbé wọ Èkó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, èyí tí àwọn bàbá wa pè ní lùkúlùkú: nígbà tí ìsìnkú dínkù, a ní àrùn náà ti lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ikọ́ ti ń bá fínra tẹ́lẹ̀, tí wọ́n dìde lórí ẹní tí èémí wọn kò sì dọ́gba mọ́, ta ni ó ka iye wọn? Kí a lè mọ bí ọ̀ràn irú wọn ti ń rí, ẹ jẹ́ kí a ré òkun kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí a ti ń ṣírò òkú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ikọ́ ògbólógbòó sì wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pè é ní àrùn àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Láti ọjọ́ karùn-ún títí di ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejìlá ọdún 1952, kùrukùru òun èéfín èédú bo ìlú náà mọ́lẹ̀, tí ẹlòmíràn kò fi rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìjọba ṣírò pé nǹkan bí 4,000 ènìyàn ni ó bá a lọ. Àwọn arúgbó àti àwọn oníkọ́ pọ̀ nínú wọn. Kùrukùru ká, ṣùgbọ́n iye òkú kò padà sí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1953, bẹ́ẹ̀ ni kò padà ní oṣù Kejì. Ìjọba dáhùn pé ìnfúlúẹ́ńsà ni. Lóòótọ́ ni ìnfúlúẹ́ńsà jà ní ìgbà òtútù náà. Ní ọdún 2001, Michelle Bell àti Devra Davis tún ìṣirò náà ṣe. Wọ́n ní ìnfúlúẹ́ńsà nìkan kò lè pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀, àti pé àpapọ̀ òkú lè tó 12,000.

Ní tiwa, a rò pé àríyànjiyàn náà fi ohun kan sílẹ̀. Ọkùnrin tí ó ti ń húkọ́ láti ogún ọdún, tí ó fa èéfín sínú ní oṣù Kejìlá, tí ìnfúlúẹ́ńsà bá a nílé ní oṣù Kìíní, tí ó sì kú ní oṣù Kẹta: ọrùn ta ni a ó gbé ikú rẹ̀ kọ́?

Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó tọ irú àwọn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn lójoojúmọ́. Ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù kan náà, Terence Seemungal, Jadwiga Wedzicha àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fún aláìsàn 101, tí ọ̀nà èémí wọn ti dí, ní ìwé kékeré kọ̀ọ̀kan. Ní àràárọ̀ wọn a fẹ́ èémí sínú ohun ìwọ̀n, wọn a kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ikọ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti ọ̀fìnkìn. Ọdún méjì ààbọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ìgbà 504 ni àrùn ru sókè sí wọn lára. Ìròyìn tí ó jáde ní ọdún 2000 sọ pé lẹ́yìn ọjọ́ 35, nínú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìgbà wọ̀nyí péré ni èémí ti padà sí ipò rẹ̀. Nínú nǹkan bí 7 nínú 100, ọjọ́ 91 pé, kò padà. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀fìnkìn bá a rìn, ọ̀fìnkìn lásán tí ọmọ ilé-ìwé ń gbé kiri láìbìkítà, ìpadàbọ̀ a máa pẹ́ sí i.

Ọ̀nà èémí tí ó ti wú tẹ́lẹ̀ kò ní àyè mọ́. Bí kòkòrò fáírọ́ọ̀sì bá mú un wú sí i, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ a dí i, kòkòrò mìíràn a sì rí ibùgbé níbẹ̀. Ní ọdún 2002 wọ́n fi hàn pé ẹni tí èyí ń ṣe lemọ́lemọ́ ni èémí rẹ̀ ń yára dínkù lọ́dọọdún; ní ọdún 2010 ẹ̀wẹ̀, pé ní ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́, ewu àrùn ọkàn òjijì a máa ju ìlọ́po méjì lọ.

Ilẹ̀ wa kò fi èédú dáná bí ti Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ònkàwé wa mọ èéfín igi ìdáná àti ti ẹja yíyan. Ní Ilé-Ifẹ̀ àwọn oníṣègùn wọn èémí àwọn àgbàlagbà ìlú, wọ́n sì rí ọ̀nà èémí tí ó ti dí lára àwọn tí kò fa tábà rí. Nígbà tí kòrónà wọ Èkó ní oṣù Kejì ọdún 2020, ìròyìn ojoojúmọ́ a máa sọ iye àwọn tí ó mú, iye àwọn tí ó kú, àti iye àwọn tí a dá sílẹ̀ lọ sílé. Ẹni tí ó délé tí kò lè gun àtẹ̀gùn ara rẹ̀ mọ́, abẹ́ ìlà kẹta yìí ni a kà á sí.