Ìgbádùn: Orísun Ọ̀rọ̀ Náà àti Ìtumọ̀ Rẹ̀

Bí a bá dárúkọ ìgbádùn lónìí, òde àríyá, owó níná àti ayé jíjẹ ló kọ́kọ́ ń wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Ìtumọ̀ yìí kò burú, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ìpìlẹ̀. Láti orísun rẹ̀, ọ̀rọ̀ ara líle ni ìgbádùn: ẹni tí ara rẹ̀ pé débi tí ó fi ń mọ adùn ni ó ń gbádùn. Èdè Yorùbá ti gbó kí Samuel Àjàyí Crowther tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843, nítorí náà inú ohùn àti ìlò ọ̀rọ̀ náà gan-an ni ó yẹ kí a ti wá ẹ̀rí.

Gbọ́ àti adùn ló para pọ̀ di gbádùn, kí a tó fi ì- sí iwájú rẹ̀. A pa fáwẹ̀lì gbọ́ jẹ, ohùn òkè rẹ̀ sì bọ́ sórí èyí tó kù, gẹ́gẹ́ bí gbọ́ èdè ṣe di gbédè. Àwọn kan lè ní gba adùn ni, nítorí ẹni tó ń gbádùn ń gba ohun dídùn. Ohùn kò jẹ́ kí èyí rí bẹ́ẹ̀. Gba ohùn ló wà nínú agbohùnsílẹ̀, ohùn àárín ni a sì fi ń pe gbo ibẹ̀. Gbọ́ ohùn ló di gbóhùn nínú orúkọ bí Olúwagbóhùnmi. Bó bá jẹ́ gba adùn ni, gbadùn ni à bá máa pè é. Bẹ́ẹ̀ sì ni Yorùbá kì í fi etí nìkan gbọ́ nǹkan: imú ni a fi ń gbọ́ òórùn, ọgbọ́n orí ni a sì fi ń gbọ́ èdè.

Adùn náà kò mọ sórí oyin àti ṣúgà. Ọbẹ̀ tí iyọ̀, ata àti irú rẹ̀ ṣe déédéé a máa dùn. Ìlù ń dùn, ìtàn ń dùn, inú ènìyàn náà ń dùn. Ẹnìkan lè wá béèrè pé, ṣebí dùn yìí náà ni a ń lò fún ìrora, bí a bá ní ọ̀rọ̀ kan dun ni? Ọ̀rọ̀-orúkọ ló ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ̀dùn ni ti ìbànújẹ́, bí a ti ń sọ pé ẹ̀dùn ọkàn. Adùn ni ti ohun tó tẹ́ ni lọ́rùn. Adùn ló sì wà nínú gbádùn.

Ẹ̀rí tó lágbára jù ni ti àìsàn. Bí ènìyàn kò bá lera, a ní ara rẹ̀ kò gbádùn. Bí ìṣe rẹ̀ kò bá bọ́gbọ́n mu mọ́, wọ́n á ní orí rẹ̀ kò gbádùn. Kò sí owó tàbí àríyá nínú gbólóhùn méjèèjì. Òótọ́ ni pé èdè kì í dúró lójú kan, àti pé ìtumọ̀ tòde òní ti gbilẹ̀. Síbẹ̀ kò pa ti àtijọ́: ẹni tó ń jẹ̀gbádùn lóde lónìí lè sọ lọ́la pé ara òun kò gbádùn, kò sì sẹ́ni tí kò ní yé. Kí ẹni tó ń kọ́ ọmọ lédè yìí kọ́ ọ ní ìtumọ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlera, torí òun ni ìpìlẹ̀.