Orúkọ Ní Ń Padà, Ọjọ́ Kì Í Padà: Ìtàn Date nínú Èdè JavaScript

Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún àti ọjọ́ Jàkúta. Orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a ń pè lápètúnpè, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò sọ pé Jàkúta òní ni Jàkúta tí ó kọjá. Orúkọ ní ń padà, ọjọ́ kì í padà. Ìyàtọ̀ yìí ni JavaScript kò kà sí láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún 1995, Brendan Eich ti ilé-iṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà fi ọjọ́ mẹ́wàá péré fi ìpìlẹ̀ èdè náà lélẹ̀. Nítorí ìkánjú, Date ti èdè Java ni wọ́n wò kọ ti JavaScript. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni Date ń pa mọ́: iye mìlísẹ́kọ́ǹdù láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970. Ẹni tí ó bá ní in lọ́wọ́ lè pa nọ́ńbà náà rẹ́, kí ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Nítorí náà, àwọn kan máa ń tún Date kan ṣoṣo lò dípò kí wọ́n dá titun, kí àyè inú kọ̀ǹpútà má baà kún. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi oníṣòwò kan ní Okokomaiko ṣe àpẹẹrẹ, tí kọ̀ǹpútà ń bá a kọ ìwé àwìn. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni oníbàárà gbé ọjà. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni a fún un láti san owó. Bí a bá fi ọjọ́ mẹ́rìnlá náà kún Date kan náà, ọjọ́ ìsanwó yóò di 17, ọjọ́ tí a gbé ọjà pẹ̀lú yóò sì di 17. Ẹ̀rí ti sọnù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó parọ́.

Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Láti 2008, tí Chrome ti gbé ẹ̀rọ V8 jáde, gbígbá ohun tí kò pẹ́ láyé kúrò nínú kọ̀ǹpútà ti di iṣẹ́ kékeré. Ẹni tí ó sì fẹ́ mọ àkókò nìkan kò nílò Date titun rárá: Date.now, tí ó wọ inú òfin èdè náà ní 2009, ń fúnni ní nọ́ńbà lásán.

Java fúnra rẹ̀ yí padà ní 2014: ọjọ́ inú java.time kò ṣeé yí. Ẹni tí ó bá fi kún un, òmíràn ni yóò gbà. Temporal ti JavaScript tọ ọ̀nà kan náà, Firefox sì gbà á wọlé ní oṣù Karùn-ún 2025.

A kò sọ pé títún Date lò di èèwọ̀. Bí ó bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ kúkurú, kò léwu. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó jẹ́ ẹ̀rí láàárín ènìyàn méjì, a kì í fọwọ́ kàn án. Kí àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní Ọ̀jọ́ àti ní Ìbà kọ́kọ́ mọ èyí, kí wọ́n tó máa ṣọ́ àyè lò.