Fèrè Tí Ó Sọnù ní Ibùdókọ̀ Rélùwéè

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ wà nídìí rédíò ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù lónìí, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ wà nínú àpò ìwé ọ̀pọ̀ nínú yín. Fèrè ike tí à ń pè ní rẹ̀kọ́dà ni, èyí tí ẹ fi ń da àwọn òbí yín láàmú ní ìrọ̀lẹ́.

Mo ní ẹ̀bi kan láti jẹ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní fèrè yìí ní Okitipupa, ohun tí mo sì máa ń sọ fún wọn ni pé ohun ìṣeré ọmọdé ni. Bí wọ́n bá dàgbà, wọn yóò bọ́ sórí dùùrù tàbí fèrè idẹ. Irọ́ ni mo ń pa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀. Àwọn àgbà olórin Yúróòpù ti fọn fèrè yìí láàfin ọba. Ní 1721, Johann Sebastian Bach ará Jámánì kó orin mẹ́fà jọ fún ìjòyè Brandenburg, rẹ̀kọ́dà sì wà nínú méjì nínú wọn.

Báwo ni irú fèrè bẹ́ẹ̀ ṣe wá di ohun ìṣeré? Gbọ̀ngàn ńlá ni ó fà á. Ní ayé Bach àti Handel, tí a bí àwọn méjèèjì ní 1685, àwọn òṣèré kì í pọ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn ikú wọn, gbọ̀ngàn ń tóbi sí i, èrò ń pọ̀ sí i, ohun tí yóò ró dé ẹ̀yìn ni wọ́n ń wá. Wọ́n mú kí ọrùn fáólìnì, gòjé àwọn Òyìnbó, gùn sí i. Nígbà tó yá, wọ́n fi okùn irin rọ́pò èyí tí wọ́n ń fi ìfun àgùntàn ṣe. Rẹ̀kọ́dà kò lè pariwo, wọ́n bá gbé e sọ sí àjà.

Ẹ mú Messiah tí Handel kọ, èyí tí a kọ́kọ́ ṣe ní Dublin ní 1742. Ta ni nínú àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa tí kò mọ Hallelujah inú rẹ̀? Nígbà tí wọ́n ṣe é ní London ní 1754, àwọn tó lo ohun èlò kò ju bí 40 lọ, akọrin kò sì tó 30. Ní 1859, ní Crystal Palace ní London kan náà, akọrin nìkan lé ní 2,000! Irú Handel aláriwo yìí ni ó gbòde nígbà tí orin rẹ̀ dé Èkó.

N kò bú àwọn tó mú un wá o. T. K. E. Phillips lọ kọ́ orin ní London ní 1911, ó padà dé ní 1914, ó sì wà nídìí dùùrù ní Cathedral Church of Christ l'Ékòó títí di 1962. Lábẹ́ rẹ̀ ni Fela Sowande ti kọrin ní ọmọdé, tí ó sì gbọ́ orin Bach. Dùùrù onífèrè tí atẹ́gùn ń gbé ohùn rẹ̀ jáde sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun èlò tí Bach fúnra rẹ̀ lù. Nítorí náà, nǹkan kan nínú ohùn àtijọ́ dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹni tó gbé rẹ̀kọ́dà padà ni Arnold Dolmetsch, tí a bí ní Faransé ní 1858, tí ó sì fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ibùgbé. Ohun èlò àtijọ́ ni ó ń tún ṣe. Ní 1919, ní ibùdókọ̀ rélùwéè Waterloo ní London, ọmọ rẹ̀ Carl, tí ó ṣì kéré, gbàgbé àpò kan sílẹ̀, ògbólógbòó rẹ̀kọ́dà bàbá rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ọmọ náà! Ṣùgbọ́n bàbá ti wọn fèrè náà tẹ́lẹ̀, ó mọ gígùn rẹ̀ àti ibi tí ihò kọ̀ọ̀kan wà. Ó mú igi, ó gbẹ́ òmíràn. Ní 1925 ó dá àjọ̀dún orin sílẹ̀ ní Haslemere, níbi tí a ti ń fi ohun èlò ìgbà orin kọ̀ọ̀kan ṣe é. Carl fúnra rẹ̀ dàgbà di ọ̀gá nínú fífọn rẹ̀kọ́dà, lẹ́yìn ogun Hitler sì ni ilé-iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ike ṣe é fún ọmọ ilé-ìwé.

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan sọ pé ìfàsẹ́yìn ni gbogbo èyí: ta ni yóò ní mọ́tò tí yóò tún máa fẹsẹ̀ rìn? Mo ní kí ó gba dùndún lọ́wọ́ onílù tó ń ki ènìyàn, kí ó sì gbé ìlù ńlá ẹgbẹ́ Boys' Brigade fún un. Ìlù yẹn ró ju dùndún lọ, ṣùgbọ́n oríkì ta ni yóò kì? Irun ẹṣin ni okùn gòjé. Bí ẹ bá fi wáyà rọ́pò rẹ̀, ohùn rẹ̀ yóò le, ṣùgbọ́n kò ní sunkún mọ́.

Ní ọjọ́ kan mo lu àwo orin Bach fún kíláàsì mi, èyí tí a fi dùùrù àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní harpsichord ṣe. Kẹ́kẹ́ pa. Ọmọbìnrin kékeré kan ní ẹ̀yìn nawọ́ sókè, ó ní, "Sà, àgídìgbo ni." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n dákẹ́, nítorí ọmọ náà gbọ́ràn jù wọ́n lọ. Piano ń fi òòlù kékeré lu okùn ni, ṣùgbọ́n nínú harpsichord, gàgá ìyẹ́ ẹyẹ ni ó ń ta okùn, bí ìka ti ń ta irin pẹlẹbẹ orí àgídìgbo.

Mo wá lu àwo kejì, èyí tí rẹ̀kọ́dà méjì ti ń lé ara wọn kiri. Mo rí i tí wọ́n ń yọ fèrè wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tí ó fi tirẹ̀ gbá ẹnìkejì lórí.